Ìdajì Fọ́tò Ìyá Ìbejì

Ẹ̀yin ọmọ tó máa ń jókòó sábẹ́ igi furúùtù mi yìí, ẹ gbójú sókè kúrò lára fóònù yín díẹ̀. Àní ẹ gbójú sókè! Láti àárọ̀ lẹ ti ń tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀ ń fẹ̀ ẹ́, ẹ̀ ń gé e, ẹ̀ ń sọ ẹni dúdú di pupa, ẹ wá ń pariwo pé ẹ̀ ń ṣe fọ́tò. N kò bá yín jà o. Ọ̀fẹ́ lẹ rí i, ẹ máa jayé yín. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí mo ti dé láti Ògbómọ̀ṣọ́ ni ọ̀rọ̀ kan ti ń jẹ mí lẹ́nu. Òní ni n óò sọ ọ́, ẹni tí kò bá fẹ́ gbọ́ kó dìde.

Kò sẹ́ni tó dìde. Ó dáa. Ẹ̀yin náà fẹ́ràn ọ̀rọ̀.

Ibi tí ẹ jókòó sí yìí, ẹnu ọ̀nà ilé fọ́tò mi ni nígbà kan. Ògiri tí wọ́n ń sá aṣọ sí lọ́hùn-ún yẹn la máa ń ta aṣọ ẹ̀yìn sí, èyí tí kunlékunlé kan láti Agúnpopo fi ọ̀dà ya àtẹ̀gùn àti ọkọ̀ òfuurufú sí. Àtẹ̀gùn yẹn kò lọ síbì kankan, ọkọ̀ òfuurufú náà sì wọ́ nídìí, síbẹ̀ àwọn èèyàn á ti Ìsẹ́yìn àti Fìdítì wá, wọ́n á ní, "Bàbá Fọ́tò, ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ òfuurufú yẹn yọ ní èjìká mi o." N kò tíì bí ọmọ kankan nígbà náà tí wọ́n ti ń pè mí ní bàbá. Iṣẹ́ ló fún mi lórúkọ.

Ọjọ́ Iléyá ló yẹ kí ẹ wá wo ibí. Láti ìgbà tí wọ́n bá ti kírun tán ni èrò á ti kún títí dé ojú títì, aṣọ tuntun á máa dún yẹ́rẹ́yẹ́rẹ́, àwọn ọmọdé á máa sunkún pé bàtà ń ta àwọn lẹ́sẹ̀. Ọkùnrin kan fa àgbò rẹ̀ wá lọ́dún kan, ó ní òun àti àgbò náà fẹ́ jọ yà kí òun tó pa á. Mo kó sábẹ́ aṣọ dúdú tó bo kámẹ́rà. Bí àgbò yẹn ṣe rí i pé n kò ní orí mọ́, ó fi ìwo kọ lù mí. Èmi, kámẹ́rà, igi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, gbogbo wa la balẹ̀ gbì! Ẹ máa rẹ́rìn-ín. Èmi ni ìdí ń dùn títí Iléyá mìíràn fi dé.

Yàrá tí mò ń sùn sí báyìí ni yàrá òkùnkùn. Mo fi aṣọ pupa wé àtùpà, mo fi àkísà dí gbogbo ihò ara ilẹ̀kùn. Kò sí ariwo níbẹ̀ ju ti omi lọ, àti ti ọwọ́ mi tí mo fi ń mi àwo oògùn tí a fi ń fọ fọ́tò, ṣọ̀ọ̀, ṣọ̀ọ̀. Wàá máa wo bébà funfun nínú omi, á pẹ́ díẹ̀, ojú èèyàn á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ. N kò rí ohun tó dùn mọ́ mi tó bẹ́ẹ̀ rí, títí di òní olónìí. Bí ẹnikẹ́ni bá kan ilẹ̀kùn, màá lọgun, "Má ṣí i o! Bo bá ṣí i, ìwọ lo máa lọ bẹ gbogbo ìlú!" Ìyàwó mi kì í kàn án. Ó máa ń wúkọ́ ni, màá sì mọ̀ pé oúnjẹ ti délẹ̀.

Ohun tí ẹ̀ ń pè ní ẹ́díìtì yẹn, a ṣe é o. Mo máa ń gbẹ́ pẹ́ńsù títí ẹnu rẹ̀ á fi ṣóńṣó bí abẹ́rẹ́, màá gbé nẹ́gẹ́tíìfù, ìyẹn fíìmù tí a ti ń tẹ fọ́tò jáde, sójú ìmọ́lẹ̀ fèrèsé, màá fi pẹ́ńsù náà pa rorẹ́ rẹ́ lójú ìyàwó àṣẹ̀ṣẹ̀gbé. A máa ń gé fọ́tò. A máa ń sọ ọ́ di ńlá, a sì máa ń sọ ọ́ di kékeré tí ọkọ lè fi sínú àpò àyà. Ṣùgbọ́n bébà la ń gé. Nẹ́gẹ́tíìfù wà nínú páálí rẹ̀, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Ẹ fi èyí sọ́kàn, torí ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ mi wà.

Ẹ máa bi mí pé àwọn páálí náà dà. Ìjì ṣí páànù ilé yìí lọ́dún kan tí mo lọ kí ẹ̀gbọ́n mi ní Ìkòyí-Ilé. Nígbà tí mo fi máa dé, omi ti wọnú gbogbo páálí, àwọn nẹ́gẹ́tíìfù ti lẹ̀ mọ́ ara wọn. Ojú gbogbo ìlú ló bà jẹ́ lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ náà. Mo sunkún bí ọmọdé, n kò sì tijú láti sọ ọ́.

Ní oṣù tó kọjá, ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, mo jókòó síbí tí mò ń rin orógbó jẹ, ni ọmọbìnrin kan bá sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà. Ó ti ń sunkún kó tó kúnlẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ̀yin ni Bàbá Fọ́tò?"

Mo ní èmi ni. Mo ní kí ló dé, ta ló kú? Ó ní kò sẹ́ni tó kú. Ó mú bébà kan jáde nínú ọ̀rá, ó kọ ẹ̀yìn rẹ̀ sí mi. Òǹtẹ̀ mi ni! Òǹtẹ̀ aláwọ̀ àlùkò tí mo máa ń tẹ̀ sẹ́yìn gbogbo fọ́tò, ó ṣì hàn ketekete. Inú mi dùn. Mo yí bébà náà padà láti wo ẹni tí mo yà. Kò sí ojú kankan níbẹ̀. Ojú fọ́tò náà ti bó kúrò pátápátá, ó ku bébà funfun àti ìdọ̀tí.

Bùkọ́lá lorúkọ ọmọ náà. Ó ní Táyé ni ìyá òun, Ìyá Ìbejì tó gbé ní Ọ̀wọ̀dé níbí tẹ́lẹ̀ ni ìyá ìyá òun, pé Táyé ló mú ìyá àgbà náà lọ sọ́dọ̀ ara rẹ̀ nílé ọkọ ní Ògbómọ̀ṣọ́. Bí mo ṣe gbọ́ Ìyá Ìbejì, mo rántí. Mo mọ fọ́tò náà. Àwọn ọmọbìnrin kéékèèké méjì, ìbejì, wọ́n jókòó ti ara wọn lórí bẹ́ńṣì mi, aṣọ kan náà lọ́rùn wọn. Láti ìgbà tí mo ti tẹ̀ ẹ́ fún ìyá náà ló ti gbé e kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn. Bó bá kírun àárọ̀ tán, tó fa tẹ̀súbáà rẹ̀ tán, á kọjú sí fọ́tò, á kí Táyé, á kí Kẹ́hìndé. Bó bá se ẹ̀wà, tiwọn á wà nínú àwo kékeré níwájú wọn.

"Kí lẹ fi fọ fọ́tò yìí?" Inú ti ń bí mi.

"Omi ọṣẹ ni, sà," ọmọ náà wí. "Díńgí rẹ̀ ló dọ̀tí, mo ní kí n bá Màmá àgbà nù ún. Omi bá wọ inú férémù. Nígbà tí mo fa fọ́tò yọ, ojú rẹ̀ lẹ̀ mọ́ díńgí."

"Áà! O ò ṣáà yà á sórí fóònù kó tó di pé o bà á jẹ́? Gbogbo ẹ̀yin ọmọ òde òní, àní oúnjẹ lẹ kọ́kọ́ ń yà kí ẹ tó jẹ ẹ́."

Ó ní òun yà á. Ó ní níwọ̀n ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ṣáájú ìgbà náà ni ọjọ́ ìbí ìyá òun, òun fẹ́ gbé e sórí sítétọ́ọ̀sì fóònù òun kí àwọn ọ̀rẹ́ òun lè rí i, òun bá fi fóònù ya fọ́tò náà láti ojú díńgí. Áàpù ọ̀fẹ́ kan wà lórí fóònù rẹ̀. Ó fi gé Táyé nìkan jáde, ó fi òdòdó yí i ká. Áàpù ní fọ́tò náà wúwo jù, ó dín in kù. Áàpù tún bi í pé ṣé kí èyí rọ́pò ti tẹ́lẹ̀, fóònù rẹ̀ sì ti kún, ó bá tẹ bẹ́ẹ̀ ni.

Ó fi fóònù hàn mí. Táyé nìkan ló wà níbẹ̀, ó jókòó ṣinṣin, ojú rẹ̀ kò ju èékánná mi lọ. Nígbà tí Bùkọ́lá fi ìka fẹ̀ ẹ́, ojú náà fọ́ sí igun igun, n kò mọ imú yàtọ̀ sí ẹnu mọ́.

"O gé ìbejì sọ́tọ̀?" Mo pariwo mọ́ ọn. "O mú Táyé, o ju Kẹ́hìndé nù?"

"N kò mọ̀, Bàbá. Ẹ jọ̀ọ́. Ọ̀rọ̀ náà ti kọjá fọ́tò."

Nígbà náà ló wá sọ ohun tó gbé e wá. Gẹ̀gẹ̀ yọ lọ́rùn ìyá rẹ̀, ó ti ń fún un lọ́nà ọ̀fun, bó bá ń mí, ó ń dún fíì, fíì. Iṣẹ́ abẹ di àárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n sì gbọ́dọ̀ wọlé ìwòsàn kí ilẹ̀ ọjọ́ tó wá bá mi yẹn tó ṣú. Àlejò ni dókítà tó máa ṣe é, bó bá ti lọ, kò sẹ́ni tó mọ ìgbà tó tún máa wá. Ṣùgbọ́n Ìyá Ìbejì ti wá fọ́tò rẹ̀ tì. Wọ́n ní ó wà lọ́dọ̀ ẹni tó ń ṣe férémù ní Sábó, kò gbà. Nígbà tó mú un mọ́lẹ̀, Bùkọ́lá jẹ́wọ́ fún un, títí dé orí gígé tó gé e. Láti ìgbà náà ni ìyá àgbà ti tẹ́ ẹní sẹ́nu ọ̀nà, tó na ẹsẹ̀ dí i. Ó ní, "Ẹ ti gé wọn sọ́tọ̀, ẹ wá fẹ́ mú èyí tó kù lọ sábẹ́ ọ̀bẹ. Táyé kò ní í kọjá níbí, àfi tí mo bá rí wọn ní méjì." Táyé náà sì ní bí ìyá òun kò bá súre fún òun, òun kò ní í ré ẹsẹ̀ ìyá òun kọjá.

Ẹ wò ó, ẹ̀rín ló pa mí. Mo rẹ́rìn-ín títí ọmọ náà fi ń wò mí bíi pé orí mi ti dàrú.

"Nu ojú rẹ," mo ní. "Ọmọ kan ṣoṣo ló wà nínú fọ́tò yẹn."

Ẹ̀yin náà ń wo ara yín. Ẹ kò mọ̀ ọ́n, torí kò sí mọ́. Láyé ìgbà tiwa, kò sẹ́ni tó ń la ẹnu sọ pé ìbejì kú. A máa ń ní ó lọ sí ọjà ni. Kẹ́hìndé lọ sí ọjà kí wọ́n tó pé ọmọ ọdún márùn-ún, wọn kò sì tíì ya fọ́tò rí. Irú ìyá bẹ́ẹ̀ á mú èyí tó kù wá sọ́dọ̀ wa. A ó mú un jókòó sí apá òsì bẹ́ńṣì, a ó yà á. A ó tún ẹni kan náà tẹ̀ sí apá ọ̀tún, a ó pa ojú ìlà àárín rẹ́, wọ́n á di méjì. Gbogbo fótògíráfà ló mọ̀ ọ́n ṣe nígbà náà, kò sì sí ìyá kan tó ń bi wá léèrè pé báwo. Èmi nìkan ṣe é fún ọ̀pọ̀ ìyá ní ìlú yìí.

Ẹnu Bùkọ́lá kò padé. "Ṣé Màmá mi ni méjèèjì?"

"Ta ni ì bá tún jẹ́? Ìdajì tó kù lọ́wọ́ rẹ, odidi ni. Áàpù ọ̀fẹ́ rẹ yẹn, ṣé ó lè sọ ẹyọ kan di méjì?"

Ó ní ìyẹn kò le. Mo wọ aṣọ, mo dé fìlà, a wọ ọkọ̀ lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Inú ọkọ̀ yẹn ni mo ti di ọ̀gá padà. "Tì í sí ọ̀tún. Má jẹ́ kó gun èjìká ìkejì. Bẹ́ńṣì kò bá ara mu, gbé e sókè díẹ̀." Ọkọ̀ ń jù wá sókè, ìka ọmọ náà ń yọ̀, awakọ̀ ń bú àwọn ihò ojú ọ̀nà. Ká tó dé Táàkié, ìbejì ti jókòó lórí fóònù. Mo dá ara mi lójú gan-an. Ẹ má bi mí.

Nígbà tí a dé ilé náà ní Arówómọlé, ọkọ Táyé ti kó ẹrù sínú ọkọ̀, ó ti ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀ sílẹ̀. Díákónì ni ní ìjọ Onítẹ̀bọmi, èèyàn jẹ́jẹ́ ni, ṣùgbọ́n òógùn ti bo ojú rẹ̀. Òjò ti ṣú ní ọ̀nà Ìrẹsà. Táyé jókòó sórí àga ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ìró ọ̀fun rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ gbọ́ kí n tó rí i. Ìyá Ìbejì wà lórí ẹní lẹ́nu ọ̀nà, ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn gbalaja, tẹ̀súbáà ń bẹ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká fi Ọlọ́run ṣáájú," díákónì ń bẹ̀ ẹ́.

"Ọlọ́run tó dá wọn ní méjì náà ni mo fi ṣáájú," ìyá àgbà dá a lóhùn.

Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní, "Ẹ kú ilé o, Ìyá mi." Ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́, ṣùgbọ́n ó mọ ohùn mi. Ó ní, "Oníyàwòrán! O ṣì wà láyé?" Mo ní mo wà. Mo ní fọ́tò rẹ̀ ti padà, kó gbà. Ó gba fóònù, ó gbé e sún mọ́ ojú débi tó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan imú rẹ̀. Mo ti ń dúró de kí ó kí mi.

"Táyé méjì nìyí," ó ní. "Kẹ́hìndé dà?"

Inú bí mi. Kí n má purọ́ fún yín, inú bí mi gidigidi, níwájú gbogbo wọn. Mo ní, "Ìyá, ẹ̀yin náà mọ̀ pé bí a ṣe ṣe é náà nìyẹn. Táyé náà ni Kẹ́hìndé."

"Oníyàwòrán, o ti darúgbó. Ti àwọn ẹlòmíràn lo ṣe bẹ́ẹ̀. Tèmi kọ́." Ó da fóònù padà sọ́wọ́ Bùkọ́lá. "Ṣé o ò rántí aṣọ?"

Bó ṣe dárúkọ aṣọ, ọ̀rọ̀ náà padà sí mi lọ́kàn, mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Òtítọ́ ni. Mo ti ya Táyé lọ́jọ́ yẹn, mo ní ó ti tó, n óò tẹ̀ ẹ́ ní méjì. Ìyá náà ní rárá. Ó ti di aṣọ Kẹ́hìndé mọ́ra wá, rírán kan náà, aṣọ kan náà, ó bọ́ ti Táyé kúrò lọ́rùn rẹ̀, ó wọ ti Kẹ́hìndé fún un, ó gbé e sí apá ọ̀tún. Ọmọ náà jókòó ṣinṣin bíi ti tẹ́lẹ̀. Ìyá rẹ̀ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kámẹ́rà, ó pè é, "Kẹ́hìndé." Ọmọ kékeré yẹn bá gbé orí sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó fi eyín mú ètè ìsàlẹ̀. Bí Kẹ́hìndé ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ. Ìyá rẹ̀ kúnlẹ̀ gbì, ó ní, "Yà á! Yà á kíákíá!" Mo yà á.

Ìyẹn ni ìdajì tí Bùkọ́lá gé dànù. Kò sí lórí bébà, kò sí lórí fóònù, nẹ́gẹ́tíìfù rẹ̀ sì ti bá omi lọ. Díákónì wo ojú ọ̀run, ó wo ọkọ̀. Bùkọ́lá fi orí pamọ́ sí eékún rẹ̀, ó ń sunkún.

Táyé ló dìde. Ó di ògiri mú, ó rìn lọ síbi bẹ́ńṣì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó jókòó sí apá òsì. Ó mí díẹ̀ kó tó lè sọ̀rọ̀.

"Bàbá Fọ́tò, ẹ yà mí."

"Táyé," mo ní, "ìwọ tí o ti ní ọmọ-ọmọ?"

"Ẹ yà mí, sà. Lẹ́yìn náà kí ẹ ya ìkejì mi."

Ọ̀rọ̀ yẹn gún mi lọ́kàn. Mo dìde. Iṣẹ́ ti dé, n kò sì rántí pé orúnkún ń dùn mí mọ́. Mo ní kí Bùkọ́lá gbé fóònù lé orí àpótí, mo fi agolo mílíìkì méjì há a láàárín kó má baà mì, torí bí kámẹ́rà bá fi ìka kan yẹ̀ kúrò níbi tó wà, ìlà àárín máa hàn. Kò sí iná láti àná, bátìrì fóònù náà sì ti pupa. Òòrùn ṣẹ́ kù díẹ̀ lára ògiri. Mo ní, "Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan àpótí yìí o!" Ohùn mi àtijọ́ ni mo gbọ́ níbẹ̀. A ya Táyé, ó jókòó ṣinṣin.

Ó wá sún lọ sí apá ọ̀tún. Ó gbé ọwọ́ lé itan, ó dúró. Òjò ń kù lọ́ọ̀ọ́kán, òjìji ń gun ògiri bọ̀.

"Ìyá," Táyé ní, "ẹ pè mí."

Ìyá àgbà ń fa tẹ̀súbáà, ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀. Láti ọjọ́ bẹ́ńṣì mi yẹn, fọ́tò nìkan ló ti ń pe orúkọ yẹn sí. Ẹ̀rù ń bà á láti pè é sí èèyàn tó wà láyè, tó ń lọ sábẹ́ ọ̀bẹ. Èmi náà, ẹ̀rù bà mí.

"Ìyá, òòrùn ń lọ," mo sọ ọ́ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́.

"Kẹ́hìndé," ó ní.

Táyé gbé orí sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó fi eyín mú ètè ìsàlẹ̀. Obìnrin tó ti hewú, tí gẹ̀gẹ̀ wà lọ́rùn rẹ̀, ọmọ kékeré orí bẹ́ńṣì mi ni mo rí. N kò ní kí ẹnikẹ́ni tẹ fóònù, èmi fúnra mi ni mo tẹ̀ ẹ́. Kò pẹ́ sígbà náà tí òjìji fi bo gbogbo ògiri.

Bùkọ́lá ló ṣe ìyókù, mo sì ní láti sọ pé ọmọ náà mọṣẹ́. Ó gé e, ó so ó pọ̀, mo wá ìlà àárín títí, n kò rí i. Nígbà tó fẹ́ fi ránṣẹ́ sí ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń tẹ fọ́tò ní Táàkié, áàpù náà ní ó wúwo jù, pé kó dín in kù. Ọwọ́ ọmọ náà dúró sójú afẹ́fẹ́. Ó wò mí.

"Ṣe ẹ̀dà rẹ̀," mo ní. "Ẹ̀dà ni kí o dín kù. Kí ti àkọ́kọ́ wà níbi tó wà."

"Mo ti ṣe é, Bàbá. Ẹ wò ó, méjèèjì ló wà níbẹ̀." Ó fi hàn mí, ó tún fi han ìyá rẹ̀, ó tún fi han bàbá rẹ̀. Bó ṣe fi ránṣẹ́ tán ni fóònù náà kú. Ó sáré bọ́ sórí ọ̀kadà nínú òjò, díákónì ń rìn lọ rìn bọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, kò wo aago mọ́ torí ó ń dá kún ẹ̀rù rẹ̀. Táyé ń mí, fíì, fíì. N kò mọ ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í bá a mí pọ̀.

Ọmọ náà dé, ara rẹ̀ tutù rinrin, fọ́tò wà lábẹ́ aṣọ rẹ̀ nínú ọ̀rá. Wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ ní ńlá, ó tó àwo ìgbọnsẹ̀... ẹ má rẹ́rìn-ín, mo fẹ́ sọ pé ó tó àwo ìgbóúnjẹ ńlá. Ìyá Ìbejì gbà á, ó nù ún bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò tutù. Ó wo apá òsì. Ó sún ojú lọ sí apá ọ̀tún, ó wò ó, ó pẹ́ lórí rẹ̀. Ó fi ìka tọ́ irun funfun, ó fi tọ́ ètè. Mo ń retí kó sọ pé èyí kọ́. Mo ń retí kó ní ọmọ kékeré ni òun ń wá, ta ni arúgbó yìí.

"Kẹ́hìndé," ó ní, omijé ń bọ́ sórí fọ́tò. "Ìwọ náà ti hewú. O mà pẹ́ lọ́jà o."

Táyé ti dìde, ó dúró lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú báàgì kékeré lọ́wọ́. Ìyá àgbà ká ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Ó gbé ọwọ́ lé orí ọmọ rẹ̀, ó súre ní ohùn jẹ́jẹ́, díákónì ń ṣe àmín láti ìta. Nígbà tí ọkọ̀ ń jáde, ìyá náà kò wò ó. Ó gbé fọ́tò sórí itan, apá ọ̀tún ló kọjú sí.

"Ìwọ dúró tì mí nílé," ó ní. "Táyé ló kàn láti jáde. Kò ní í pẹ́."

Táyé kò sì pẹ́ tó fi padà wálé.